Ìgbésẹ̀ Kẹtàdínlógún

Bohumír, o ní kò ṣẹlẹ̀ rí.
Ọdún méjìlélógójì lo fi jókòó nínú ilé iná àmì yẹn,
tíì nínú ife páànù, fìlà rẹ lórí ìṣó,
ò ń fọwọ́ ara rẹ yí ọ̀nà fún ọkọ̀ ojú irin.
Ẹnikẹ́ni ò kú ní Lhotka
àfi ajá Ọ̀gbẹ́ni Vaculík, tó ti dití tẹ́lẹ̀.
Mo gbọ́. N kò jiyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Brno kò mọ "rí".
Kò ní àná.
Ohun kan ṣoṣo ló ń bèèrè: ǹjẹ́ ó lè ṣẹlẹ̀?
Àwa a wọ bàtà sí ẹsẹ̀ mẹ́wàá, a ní ó bá ọmọ aráyé mu;
òun a ní kí gbogbo ẹsẹ̀ wá,
èyí tó wà, èyí tí wọn ò tíì bí,
títí kan ẹsẹ̀ oníka mẹ́fà.

Mo kọ òfin kan fún un, ìlà kan péré:
bí ọkọ̀ bá wà níbi tí irin ti dábùú títì,
igi ìdènà kò gbọdọ̀ gbéra. Láéláé.
Mo tẹ bọ́tìnnì, mo lọ ra búrẹ́dì.
Yìnyín ń bọ́ bí ẹni ń ku ìyẹ̀fun.
Kí n tó padà, ó ti dáhùn:
Irọ́ ni. Wò ó.

Ó tò ó kalẹ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́tàdínlógún:
ọkọ̀ ẹrù ń ti Jihlava bọ̀,
ọkọ̀ èrò ń fẹ̀yìn rìn kúrò ní ibùdókọ̀,
iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan,
ẹnìkan tẹ bọ́tìnnì ìtúsílẹ̀, ó tún un tẹ̀
kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé,
ọkọ̀ méjì di ẹyọ kan nínú ìṣirò.
Èyí àkọ́kọ́ kọjá. Wọ́n kà á sí pé ọ̀nà ti ṣófo.
Igi ìdènà wá gbéra,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń kí àlejò.

Zdislava kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀.
"Ta ni yóò tẹ bọ́tìnnì kan lẹ́ẹ̀mejì?"
Mo rántí ọwọ́ rẹ, Bohumír,
bó ṣe máa ń gbọ̀n nínú òtútù oṣù kejì.
N kò sọ ọ́.

Ìlà mẹ́rin la pààrọ̀,
ọjọ́ mọ́kànlá la fi bá ìlà mẹ́rin jà:
bí a bá dí ihò kan, ó nàka sí òmíràn.
Ní ọjọ́ kejìlá ó dákẹ́ fún wákàtí mẹ́fà,
ó wá ní: N kò rí ọ̀nà kankan mọ́.
Zdislava ṣí ọtí ìyeyè tí bàbá rẹ̀ pọn.

Mo gbé ẹ̀rí náà wá fún ọ, igba ojú ìwé.
O ò kà á. O gbé ife kalẹ̀,
o mú mi jáde sínú yìnyín, o fi gìgísẹ̀ ha irin.
Ìpáàrà pupa ta sí bàtà rẹ.
"Irin yìí ló ń sọ fún ẹ̀rọ yín pé ọkọ̀ ti dé.
Bí ọkọ̀ ò bá gba ibí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìpáàrà á bò ó,
irin á yadi.
Ọkọ̀ á dúró lórí rẹ̀ gbọngbọn, kò ní fọhùn.
Ṣé ẹ kọ ìyẹn síbẹ̀?"

A ò kọ ọ́ síbẹ̀.
Ní ojú ìwé kejì, lábẹ́ Ohun Tí A Gbà Bẹ́ẹ̀,
ìlà kékeré kan wà: irin kì í purọ́.
Èmi ni mo kọ ọ́. N kò rò ó tó
àkókò tí ènìyàn fi ń so okùn bàtà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo pa ìlà yẹn rẹ́,
mo sì tún bọ́tìnnì tẹ̀.
Mi ò tíì jókòó tán.
Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré, igi ìdènà ti wà lókè.